Níbo ni Ọmọ Náà Máa Sùn?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ìdàpọ̀ wa ní Wásinmi

  Alága ní kí n má sọ̀rọ̀ kọjá ogójì ìṣẹ́jú, mo sì ti ṣèlérí, àmọ́ ẹ mọ̀ pé tíṣà ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì lóòótọ́, ẹnu mi ni kò tíì fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, òbí mẹ́ta ló jáde síwájú láti dúpẹ́ pé ọmọ wọn rí ìwé ìgbaniwọlé sí yunifásítì gbà. A jó, a pàtẹ́wọ́, a gbé ọwọ́ lé àwọn ọmọ náà lórí. Inú mi dùn púpọ̀. Nígbà tí a jáde, mo bi ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà léèrè pé, "Ìyá, níbo ni ọmọ yìí máa sùn tó bá dé ọ̀hún?" Ó wò mí lójú. Ó ní, "Ṣé ilé-ìwé kọ́ ló máa fún un ní ibùsùn ni, Mà?" Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?" Ó ronú díẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún òun. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ alága pé kí wọ́n fún mi láyè lónìí.

Ẹ gbọ́ orúkọ ìlú wa dáadáa: wá, sinmi. Àwọn ọmọ tí à ń rán jáde láti ìlú tó ń jẹ́ Wásinmi, mélòó nínú wọn ló ń rí ibi sinmi níbi tí a rán wọn lọ?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, nítorí ìjà kọ́ ni mo bá wá síbí. Ọmọ mi kẹta, obìnrin, wọ yunifásítì ní ọdún 2016. A ra àpótí, a ra mátírẹ́ẹ̀sì, a ra sítóòfù, bàbá rẹ̀ sì san gbogbo owó tí wọ́n ní kí a san. Ìgbà tó débẹ̀ ni wọ́n tó sọ fún un pé kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ fún ibùsùn, pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣẹ́ ẹ, pé wọ́n ti ṣẹ́ ẹ tán, orúkọ rẹ̀ kò sì jáde.

Báyìí ló ṣe di ẹni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní squatter, ìyẹn ẹni tó ń fún ara rẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn lórí ibùsùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Yàrá tí wọ́n kọ́ fún ènìyàn mẹ́rin, àwọn mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Bí àwọn aláṣẹ họ́sítẹ́ẹ̀lì bá ń yẹ yàrá wò lóru, àwọn squatter á sá jáde lọ jókòó sí kíláàsì títí ilẹ̀ á fi mọ́. N kò mọ ọ̀kankan nínú èyí. Bí mo bá pè é lórí fóònù, "Dáadáa ni mo wà, Mọ́mì," ni. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló tó sọ fún mi pé nígbà míràn òun máa ń lọ sí ìṣọ́ òru tí àwọn ọmọ ìjọ ń ṣe nínú ọgbà, kì í ṣe torí àdúrà, bí kò ṣe pé ibẹ̀ ní àga, ó ní iná, ẹnikẹ́ni kò sì ní lé òun jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti dúró níwájú ìjọ níbí, mo sì ti jẹ́rìí pé ọmọ mi kì í pa ìṣọ́ òru jẹ níléèwé. Ẹ rẹ́rìn-ín o, mo gbà. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́ fún mi, n kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún kejì, a gba yàrá fún un lẹ́yìn ọgbà, ilé tí kò ní fẹ́ǹsì, kànga kan ṣoṣo láàárín ilé mẹ́fà. Ibẹ̀ ni àìsàn ti mú un, ibà àti táífọ́ọ̀dù pa pọ̀. Ní nǹkan bí aago méjì òru, àwọn ọmọ yàrá kejì gbé e sáàárín lórí ọ̀kadà, ẹnì kan níwájú, ẹnì kan lẹ́yìn, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn inú ọgbà. Nọ́ọ̀sì béèrè káàdì. Kò ní káàdì. Wọ́n fa omi sí i lára díẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ilé ìwòsàn ńlá ní kí a san ogójì ẹgbẹ̀rún náírà kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́ta òru ni wọ́n pè wá. Ta ló ní ogójì ẹgbẹ̀rún nílé ní aago mẹ́ta òru? Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ni mo lọ jí lójú oorun. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìyá yẹn mọ ìṣẹ́ láé.

Ọmọ náà yè, ó ti wọ ilé ọkọ báyìí. Ohun tó ń dùn mí títí di òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, mo kó gbogbo rìsíìtì rẹ̀ jáde. Lórí ti ọdún àkọ́kọ́, nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí lẹ́tà ti kéré jù, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: TISHIP, pẹ̀lú iye tí a san. Mo ti san owó ìtọ́jú ọmọ yẹn kí àìsàn tó dé! Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà, n kò ka rìsíìtì ọmọ tèmi.

Mo máa padà sórí TISHIP yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tó dé yìí, nítorí àwọn ọ̀dọ́ rò pé bó ṣe máa ń rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Yunifásítì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú ilé tí àwọn ológun ti fi ṣe ilé ìwòsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ará Ẹ̀gbá kan sì lọ́wọ́ sí i. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ Elliot kalẹ̀ ní 1943 láti wo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School, wà lára àwọn èèyàn dúdú díẹ̀ tó jókòó nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ Kuti Hall ní Ìbàdàn títí di òní. Ẹ mọ orúkọ náà nílé yìí, torí orúkọ ìyàwó rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀ ojú irin tuntun ní Papalántó nítòsí wa níbí.

Àwọn tó kọ́ Ìbàdàn nígbà náà kò ya ibùsùn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀kọ́. Bí wọ́n ti ń kọ́ kíláàsì ni wọ́n ń kọ́ họ́ọ̀lù: Mellanby, Tedder, Kuti, Queen Elizabeth fún àwọn obìnrin. Họ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní ilé oúnjẹ tirẹ̀. Àwọn àgbà tó lọ síbẹ̀ nígbà náà kò tíì dákẹ́ sísọ̀rọ̀ nípa ẹran adìyẹ ọjọ́ Àìkú. N kò sọ pé kí a padà sí ayé yẹn o. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, owó kòkó àti owó orí àwọn bàbá wa tí kò mọ ìwé ni wọ́n sì fi ń bọ́ wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó gba ọmọ wọlé nígbà náà mọ̀ pé ọmọ tí òun gbà ní ikùn, ó ní ara, ó sì máa ń sùn.

Nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ẹ̀mí bá a lọ. Ní oṣù kìíní àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nnamdi Azikiwe Hall ní Ìbàdàn ń ṣàròyé pé oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn kò dára, wọ́n ní kí wọ́n mú ẹni tó ń bójú tó ilé oúnjẹ kúrò. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ lásán ni. Ó di ìwọ́de, wọ́n pe ọlọ́pàá, ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ìbọn ọlọ́pàá pa akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Kúnlé Adépéjú. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn lónìí. Ẹnì kan rán ọmọ rẹ̀ lọ kàwé, ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti orí abọ́ oúnjẹ ló pa á.

Ọdún méje lẹ́yìn náà ni "Ali Must Go," èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín tó ti dàgbà rántí. Ní 1978, ìjọba ológun fi kún owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́, láti ₦1.50 lójúmọ́ sí ₦2. Ahmadu Ali ni kọmíṣọ́nà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kígbe orúkọ rẹ̀. Ṣẹ́gun Òkéòwò ni ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo Nàìjíríà. Wọ́n pa Akíntúndé Òjò ní Yunifásítì Èkó, wọ́n pa àwọn mìíràn ní Zaria, wọ́n lé Òkéòwò kúrò níléèwé, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ náà. Àwọn kan ń sọ títí di òní pé àádọ́ta kọ́bọ̀ kò tó nǹkan tí ènìyàn ń kú lé lórí. Òótọ́ ni. Kò sì tó nǹkan tí ìjọba ń yìnbọn lé lórí náà.

Nígbà tó di 1984, lábẹ́ ìjọba ológun Muhammadu Buhari, ìjọba yọwọ́ pátápátá nínú bíbọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ti ilé oúnjẹ pa. Búkà gba ipò rẹ̀, sítóòfù sì wọ yàrá tí wọn kò kọ́ fún ìdáná. Láti ìgbà náà ni ìjà tuntun ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ilé-ìwé ò fún ọmọ ní oúnjẹ, kò sì fẹ́ kó dáná. Ní oṣù kẹrin 2017, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn yìí kan náà jáde fẹ̀hónú hàn nítorí pé wọ́n fòfin de ohun ìdáná oníná, àti nítorí káàdì ìdánimọ̀ tí wọn kò rí gbà. Wọ́n ti ilé-ìwé pa, wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé. Èmi mọ̀ pé iná lè ti inú yàrá bẹ̀rẹ̀ kó sì jó ilé tán, n kò dá aláṣẹ lẹ́bi pé ó bẹ̀rù. Ẹni tó bá máa gba sítóòfù lọ́wọ́ ọmọ, kó sọ ibi tí ọmọ náà máa ti jẹun.

Ní gbogbo àkókò yìí, iye ọmọ ń pọ̀ sí i, ibùsùn kò bá wọn pọ̀. Ní 2012, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ yẹ àwọn yunifásítì ìjọba wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Yakubu ni alága rẹ̀, òun kan náà tó di alága INEC lẹ́yìn náà. Wọ́n rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ lé ní mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún, pé ibùsùn tó wà kò tó ti ẹnì kan nínú mẹ́wàá, àti pé àwọn kan ń gbé méjìlá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú yàrá kan. Nígbà tí mo kà á, mo ní ọmọ mi tó wà láàárín àwọn mẹ́sàn-án tilẹ̀ ṣe oríire.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń gba ₦90 lórí ibùsùn kan fún ọdún kan ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Ẹ gbọ́ mi, àádọ́rùn-ún náírà. Etí ẹni tó gbọ́ ọ á máa dùn, á ní ìjọba ṣàánú tálákà. Ibùsùn tó jẹ́ ₦90 nínú ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ tó rí i gbà á tà á fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí i ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọmọ tálákà kò rí ₦90 ọ̀hún sùn lé. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé àwọn kan nínú wa rò pé bí owó bá ti kéré, a ti ṣẹ́gun. Ibùsùn tí kò sí, èló ni wọ́n fẹ́ tà á?

Ẹ jẹ́ kí a wá sí Abẹ́òkúta wa níbí. FUNAAB bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1988, ní Ìsàlẹ̀-Ìgbẹ̀hìn láàárín ìlú, nínú ọgbà àtijọ́ ti Abẹ́òkúta Grammar School, ilé-ìwé Kuti tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ní 1997 ni wọ́n kó lọ sí ọ̀nà Alábàtà, lórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 10,000. Ilẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ibi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn: Camp, Harmony, Kófẹsú, Ìṣọ̀lú, títí dé Ọbáńtokò. Ilé onílé ni. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ti jáde sójú títì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí àwọn olè tó ń wọlé tọ̀ wọ́n lóru. Òbí tó bá ń rò pé ọmọ lè máa ti Wásinmi lọ kó sì máa bọ̀ lójoojúmọ́, kó wọ mọ́tò lọ sí Láfẹ́nwá ní aago márùn-ún ìdájí lọ́la, kó ti ibẹ̀ bọ́ sí Kútọ̀, kó gba Àṣerò lọ sí Camp, kó tún wọ ọkọ̀ mìíràn wọ inú ọgbà, kó wá sọ fún mi bó bá lè ka ìwé kan lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn kan á ní, "Ẹ wo Covenant ní Ọ̀tà." Mo ti wò ó. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé inú ọgbà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2002. Ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ó tún fi iye tó ń ná ènìyàn hàn, kò sì sí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí lónìí tó lè san án. Ilé-ìwé ìjọba ni tiwa, òun náà la sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí ni a lè ṣe? Ẹ padà sórí rìsíìtì. TISHIP tí mo sọ yẹn jẹ́ ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Bí owó rẹ̀ bá wà lára owó tí ẹ san, ọmọ gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn inú ọgbà, kó sì gba nọ́ńbà tàbí káàdì rẹ̀. Bí àìsàn bá ju agbára ilé ìwòsàn inú ọgbà lọ, wọn á fún un ní ìwé lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nínú ètò náà, ìwé yẹn ló sì ń ṣílẹ̀kùn. Sísan owó nìkan kò tó, èmi ni ẹlẹ́rìí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kó lọ, nígbà tí ara rẹ̀ le, kì í ṣe aago méjì òru.

Lẹ́yìn náà, gbogbo yunifásítì ló ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìgbé ayé akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń pe ọ̀gá ibẹ̀ ní Dean of Student Affairs. Ibùsùn, ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ìfìyàjẹni, ọmọ tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Mélòó nínú yín ló mọ orúkọ ẹni náà ní ilé-ìwé ọmọ yín? Ẹ mọ orúkọ ọ̀gá àgbà yunifásítì tí ẹ kò ní rí láé, ẹ kò mọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá yín lóhùn. Ẹ kọ̀wé sí i. Ìwé tí òbí fọwọ́ sí, tó sọ pé omi kò yọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì báyìí láti ọjọ́ báyìí, ó ní ìwúwo tí igbe akẹ́kọ̀ọ́ kò ní. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kígbe, wọ́n lè pè é ní aláìgbọràn. Kí ni wọ́n fẹ́ pe ìyá àgbà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà?

Ní ti owó, ẹ ti gbọ́ nípa NELFUND, owó ẹ̀yáwó tí òfin rẹ̀ jáde ní 2023, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Wọ́n ń san owó ilé-ìwé tààrà fún ilé-ìwé, ọmọ tó bá sì tọrọ owó ìgbọ́bùkátà ń gba ₦20,000 lóṣù nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé-ìwé ìjọba ló wà fún. Kò ní èlé, àmọ́ gbèsè ni, ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni sísan rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. N kò ní kí ẹ gbà á, n kò ní kí ẹ má gbà á. Kí ọmọ àti òbí jọ ka ìwé rẹ̀ ni mo wí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í dí yín lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ ibùsùn, nítorí ẹni tó yá ọmọ lówó kò tíì kọ́ ilé fún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ kan péré fún yín. Ẹ dẹ́kun sísọ fún wa pé dáadáa ni ẹ wà. A mọ̀ pé ẹ ń ṣàánú wa, ẹ mọ ohun tí a tà kí owó yẹn tó pé. Ọmọ mi náà ṣàánú mi, ó kù díẹ̀ kí àánú yẹn sin ín.

Alága ń wo aago. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo bẹ àwọn òbí mẹ́ta tó jẹ́rìí lọ́sẹ̀ tó kọjá kí wọ́n kó ìwé ìgbaniwọlé ọmọ wọn àti gbogbo ìwé owó tí wọ́n fún wọn wá síbí, kí àwọn ọmọ náà tẹ̀ lé wọn wá. A máa kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ní fóònù tó dára á bá wa wo ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí ibùsùn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tuntun, kí wọ́n má ṣẹ́ kèké tán kí a tó gbọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa mọ́ bíi tèmi, kó mú awò ojú rẹ̀ dání, lẹ́tà ìsàlẹ̀ yẹn kéré.